Ṣé èmi ni ọkùnrin ọlọ́rọ̀ inú Máàkù 10 yẹn? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ní Mọ́níyà

TíṣàAkínyẹlé:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, tori ó ti tó oṣù méjì báyìí tí mi ò ti sùn dáadáa lórí ẹ̀.

Tíṣà ìjọba ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ìbàdàn níbí. Èmi àti ìyàwó mi ní pulọ́ọ̀tì méjì lẹ́yìn Mọ́níyà. Ọdún 2015 la rà á. Owó kọ́pùrétíìfù tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù mi àti àjọ tí ìyàwó mi ń dá ní ọjà Bódìjà la kó pọ̀, ẹni tó bá mọ iye tí tíṣà ń gbà á mọ ohun tójú wa rí, àwọn ọdún kan wà tá ò ra aṣọ Kérésì fún ọmọ kankan. Igbó ni gbogbo ibẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, tó wá jẹ́ pé Mọ́níyà ló ń parí sí, lojú gbogbo èèyàn bá ṣí sí apá ibẹ̀, àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi mọ́. A ò tíì kọ́lé síbẹ̀ o. Fẹ́ǹsì apá kan la ṣe, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù bí ẹgbẹ̀rin tí mo ti ń rà jọ díẹ̀díẹ̀, àádọ́ta lóṣù yìí, ọgbọ̀n lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Oṣù méjì sẹ́yìn ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé, ó ní wọ́n ti lé àbíkẹ́yìn wọn nílé ìwé torí owó, pé èyí àgbà tó yẹ kó ṣe WAEC ti ń tẹ̀ lé àwọn bíríkìlà lọ ru kọ́nkéré. Mo ní kò sówó. Irọ́ kọ́, kò sí owó lọ́wọ́ mi lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo wá ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún un, mo sìn ín dé ìdí mọ́tò, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn náà mo gun ọ̀kadà lọ sórí ilẹ̀ wa, bí mo ṣe máa ń ṣe táyé bá sú mi, mo ń fẹsẹ̀ wọn ibi tí pálọ̀ máa wà, mo ń rò ó lọ́kàn mi ibi tí wíńdò máa kọjú sí kí atẹ́gùn lè rọ́nà wọlé.

Ọjọ́ kejì tí í ṣe Sọ́ńdè, Máàkù orí 10 ni wọ́n kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ka ibẹ̀ àìmọye ìgbà, mo tiẹ̀ ti fi kọ́ àwọn ọmọ Sọ́ńdè sukúù rí, mo sọ fún wọn pé ọkùnrin yẹn fẹ́ràn owó jù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe dé ibi tí Jésù ti ní "Ohun kan ni ó kù ọ́ kù", pé kó lọ ta gbogbo ohun tó ní kó fún àwọn tálákà, àfi bíi pé wọ́n pe orúkọ mi. Mo tẹ orí mi mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mi tí mo fi wọn pálọ̀ lánàá ni mo rí, amọ̀ pupa orí ilẹ̀ yẹn ṣì wà létí bàtà mi.

Mo lọ rí pásítọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀, pé òrùlé ilé ìjọsìn tuntun ń dúró de ẹni tí Ọlọ́run máa lò, kí n ta pulọ́ọ̀tì kan kí n gbé owó ẹ̀ wá sórí pẹpẹ, Ọlọ́run á fi ẹ́sítéètì san án fún mi. Mi ò sọ̀rọ̀ wọn láìdáa o, wọ́n dúró tì wá gan-an nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gba èyí. Ìyàwó mi ní tiẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá, ó ní ọjọ́ tí mo bá ta ilẹ̀ yẹn lòun máa palẹ̀ ẹrù òun mọ́.

Ìbéèrè mi rèé. Ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ fún ọkùnrin yẹn, ṣé ti gbogbo wa ni àbí tiẹ̀ nìkan? Àti pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá òun lòun ni nǹkan, àbí nǹkan ọ̀hún ló ni òun?

BroKẹ́hìndé:

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ta ilẹ̀ o. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ọlọ́run wa kì í ṣe ìkà. Ábúráhámù ní màlúù àti wúrà, Jóòbù gba ìlọ́po méjì lẹ́yìn gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí, kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n tà á. Àwọn bàbá wa ló sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, tiẹ̀ nìkan ni, torí Jésù rí ọkàn ẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà sọ fún Tímótì pé ẹni tí ò bá pèsè fún ará ilé ẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́ lọ, tẹ́ ẹ bá wá ta ilẹ̀ tán tí àwọn ọmọ yín ò níbi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí ńkọ́?

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé mo mọ ẹnì kan, a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ni, wọ́n wàásù fún un títí ó ta mọ́tò tó fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, ó gbé gbogbo owó ẹ̀ lọ sórí pẹpẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó ń tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó ẹ̀ ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí dòní. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Ilẹ̀ tó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn láyé ìsinsìnyí, ó ti bọ́ nìyẹn.

ÌyáÌbejìÒkèAdó:

Ọmọ mi, mo kí ẹ. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, ohun tí mo bá sọ ló ń tẹ̀.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ bi ẹ́ léèrè. Owó ta ló wà nínú ilẹ̀ yẹn? O ní àjọ ìyàwó ẹ wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń jí lọ sí Bódìjà kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń fi ẹgbẹ̀rún kan lé ẹgbẹ̀rún kan, ìwọ wá gbọ́ ìwàásù ní Sọ́ńdè o délé o ní ẹ ó tà á. Ìwọ ni Jésù pè lórúkọ lọ́jọ́ yẹn, kò tíì pe òun. Jẹ́ kó pè é fúnra ẹ̀. Ananíà àti Sàfírà ìyàwó ẹ̀ panu pọ̀ láti purọ́ lórí owó ilẹ̀ tí wọ́n tà, ṣé tọkọtaya ò wá lè panu pọ̀ láti ṣe rere ni? Pétérù náà sọ fún Ananíà pé kó tó tà á ṣebí tiẹ̀ ni, ìgbà tó tà á tán ṣebí ìkáwọ́ ẹ̀ náà ni owó ọ̀hún wà. Kò sẹ́ni tó fipá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Èkejì, ka ibẹ̀ dáadáa. Jésù ò ní kí ọkùnrin yẹn kó owó ilẹ̀ ẹ̀ wá fún òun. Òun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ń jẹun o, àwọn obìnrin bíi Jòánà ìyàwó Kúsà àti Sùsánà ló ń fi ohun ìní wọn bọ́ wọn, Lúùkù 8 ló wà. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ gba owó ni, ó lè gbà á lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kó lọ fún àwọn tálákà, kó padà wá lọ́wọ́ òfo, kó máa tọ òun lẹ́yìn. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run, mi ò bá ìránṣẹ́ ẹ̀ jà.

Jẹ́ n wá sọ tèmi fún ẹ. Mo ní wúrà nígbà tí mo ṣì lágbára, sẹ́ẹ̀tì pípé ni, ti ọrùn, ti etí, ti ọwọ́. Ọkọ mi tó ti dolóògbé ló rà á nígbà tí mo bí àwọn ìbejì. Àbúrò mi obìnrin kan ṣàìsàn, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ. Ó ránṣẹ́ sí mi. Mo ní kò sówó. Bí ìwọ náà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ṣe sọ ọ́, irọ́ kọ́, owó ò sí nínú pọ́ọ̀sì mi. Wúrà sì wà nínú àpótí. Ó lọ yá owó èlé níbòmíì, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, Ọlọ́run dá ẹ̀mí ẹ̀ sí. Ìgbà tó máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ léèsì mi, mo wọ sẹ́ẹ̀tì wúrà yẹn lọ. A jọ jókòó ni. Láàrin ìsìn ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn mi, ó bá mi tún ìkọ́ ṣéènì náà ṣe, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ó fẹ́ já bọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ẹ̀ ò burú. Ọdún mẹ́rin ló fi san owó èlé yẹn.

Mo padà ta wúrà náà. Mo gbé owó ẹ̀ lọ bá a, ó ní òun ti san gbèsè òun tán, ẹ̀gbọ́n òun ẹ ṣeun. Owó dé, ìgbà ẹ̀ ti lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún. Tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi títí dòní, ara mi máa ń já.

TíṣàAkínyẹlé:

Mà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní láti dìde jáde síta fún ìgbà díẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò sọ níṣàájú. Ìdí tí ilẹ̀ yẹn fi di mí mú. Ilé háyà ni bàbá mi kú sí, yàrá méjì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Lánlọ́ọ̀dù ní ká má gbé òkú wọnú kọ́ńpáǹdì òun, pé ẹ̀rù á ba àwọn tẹ́náǹtì yòókù. Inú mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà ni òkú bàbá mi wà nígbà táwọn èèyàn ń kí wa kú àráfẹ́rakù, a dúró sínú oòrùn, kò sí àga, lẹ́yìn náà la gbé wọn lọ sí abúlé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí, tí ìyàwó ẹ̀ wá bá mi, àwa méjèèjì la dúró ti mọ́tò yẹn. Òun ló dì mí lọ́wọ́ mú tó ní, "Ọ̀kan nínú wa á kọ́lé." Ẹ wá rí i. Tí mo bá ń wọn pálọ̀ yẹn, bàbá mi ni mò ń rí, ibi tí wọn ì bá tẹ́ wọn sí ni mò ń wọn. Mi ò mọ̀ bóyá èyí ni wọ́n ń pè ní ìfẹ́ owó. Kò jọ ọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ru kọ́nkéré, ilé onílé ló sì ń rù ú lọ kọ́.

Ọmọ_Aké:

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá, Ọlọ́run á máa tù yín nínú. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe kọnfáméṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, torí náà ibi Bíbélì yẹn ti bá mi jà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ná. Ibi tí Máàkù ti ní ọkùnrin yẹn fi ìbànújẹ́ lọ torí ó ní ọrọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ tó lò ní Gíríìkì, òun náà ni Lúùkù lò nínú Ìṣe Àpọ́sítélì orí 5 fún ohun tí Ananíà tà, ilẹ̀ sì ni ohun tí Ananíà tà. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé kì í ṣe owó inú àpò ló ń ro bó ṣe ń lọ, kó jẹ́ ilẹ̀ àti oko, bóyá ibi tí wọ́n sin bàbá tiẹ̀ náà sí. Máàkù nìkan ló sì sọ pé Jésù wò ó, ó fẹ́ràn ẹ̀, kó tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo máa ń ní kí wọ́n dúró ná, torí ọ̀pọ̀ wa máa ń ka ọ̀rọ̀ náà bíi pé ìbínú ni Jésù fi sọ ọ́.

Ìtàn ìjọ ìlú tiwa ló máa ń wá sí mi lọ́kàn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, Townsend àti Àjàyí Crowther, dé Abẹ́òkúta láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní 1849, inúnibíni dé, wọ́n na àwọn onígbàgbọ́, wọ́n kan àbà, igi tí wọ́n fi ń de ẹlẹ́wọ̀n, mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, torí wọ́n ti kọ òrìṣà ilé wọn sílẹ̀. Wọ́n fara dà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 wọ́n tún ya wọ ilé ìjọsìn àti ilé àwọn òyìnbó, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n lé àwọn òyìnbó lọ, èyí táwọn àgbà wa ń pè ní Ìfọ́lé. Àwọn onígbàgbọ́ kan sá tẹ̀ lé wọn dé Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta, wọ́n fi ilé fi ọ̀nà sílẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn èèyàn yìí kì í ṣe ojo, wọ́n ti san nǹkan fún ìgbàgbọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹrú ṣì wà nílé àwọn kan nínú ìjọ kan náà. Ìwọ̀fà náà wà, ẹni tó jẹ gbèsè tàbí ọmọ ẹ̀ á máa sin olówó, gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn dípò èlé lásán ni, ojú owó ò dín. Kò sẹ́ni tó ń pe èyí ní ẹ̀ṣẹ̀ nílùú. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé èèyàn ti di èèyàn ni, bí ilé ṣe jẹ́ fún àwa báyìí. Wọ́n wá gbé Rev. James Johnson wá ní 1877 láti bójú tó iṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà yẹn, lókè lọ́hùn-ún, ẹni tí wọ́n ń pè ní Holy Johnson, Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ni wọ́n bí i sí, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú oko ẹrú ni. Òun ní ọmọ ẹ̀yìn Kristi ò gbọ́dọ̀ ní ẹrú. Ìjà dé. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹrú nìkan ló fà á o, ó le koko lórí owó ìjọ àti ìwà náà, ṣùgbọ́n ẹrú wà lára ohun tó gbóná jù níbẹ̀. Àwọn tó gbógun tì í, ọmọ ìjọ ni wọ́n, kì í ṣe abọ̀rìṣà. Ọdún 1880 ni wọ́n gbé e kúrò padà sí Èkó.

Ìtàn yẹn máa ń mú mi lọ́kàn torí àwọn tó fara da àbà nítorí Jésù, tàbí ọmọ wọn, ìjọ wọn náà ni kò lè jọ̀wọ́ ohun tí gbogbo ìlú ń yìn wọ́n fún. Mi ò fi ilẹ̀ wé ẹrú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Èèyàn ni ẹrú, ìkà ni kéèyàn ní i, ilẹ̀ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń wò ni ibi tí ìnira ti wá. Òrìṣà ti tú lọ́kàn wọn kí wọ́n tó jù ú nù. Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí pé ẹ ń kọ́lé, àdúrà ni wọ́n máa gbà fún yín, wọ́n á ní "ilé ọlọ́mọ, ilé aláyọ̀". Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé àfi kí Jésù fúnra ẹ̀ wò yín lójú kí ẹ tó lè rí i.

Ọ̀kan tó kù: Áńtónì ará Íjíbítì, bí ọdún 270, ìtàn ọkùnrin ọlọ́rọ̀ yìí náà ló gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti inú ìwé Mátíù, ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ló sì yọ̀ǹda. Ó ní àbúrò obìnrin kan tí kò ní òbí mọ́. Kò fi í sílẹ̀ lójú títì, ọ̀dọ̀ àwọn wúńdíá onígbàgbọ́ tó mọ̀ ló mú un lọ kí wọ́n tọ́ ọ. Torí náà BroKẹ́hìndé ò ṣìnà lórí ti àwọn ọmọ.

Ọmọ_Ìwó_Nílé:

Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, mo kàn máa ń kà ni. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí ní Ìwó, èèyàn dáadáa ni bàbá mi, Álíájì tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ni. Ìgbà tí mo wà ní pólì ni mo gba Jésù. Wọn ò nà mí, wọn ò lé mi jáde. Bàbá mi kàn dákẹ́ ni.

Nígbà tí wọ́n kú tí wọ́n pín ogún, ilé méjì àti oko, wọn ò pe orúkọ mi. Òfin ẹ̀sìn wọn ni, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ò ní jogún Mùsùlùmí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ò ṣẹ̀ mí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ dá owó jọ fún mi lẹ́yìn. Ohun tó dùn mí gan-an kì í ṣe ilé. Lọ́dọọdún tí Iléyá bá dé, èmi ni bàbá mi máa ń pè wá di okùn àgbò mú láti kékeré mi, wọ́n á ní ọwọ́ mi ló le jù nínú àwọn ọmọ. Ọdún tí wọ́n gbọ́ pé mo ti di Kìrìsìtẹ́nì, mo délé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àbúrò mi ni wọ́n pè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi dúńbú ẹ̀ tán. Ìyẹn ni iye tó ná mi. Mi ò lè fi owó kọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka Máàkù 10 ẹsẹ 30, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa kà á tán. Gbogbo ìgbà ni mo ń gbọ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lórí pèpéle, ilé, ilẹ̀, ìyá, ọmọ, wọn ò kì í ka "pẹ̀lú inúnibíni" tó tẹ̀ lé e. Mo sì ti rí ìlọ́po yẹn o, mi ò purọ́. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń gbé oúnjẹ Kérésì fún mi bíi pé òun ló bí mi. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn kọ́ ni màmá mi, màmá mi ṣì wà láyé, ó ṣì ń ṣàdúà kí n padà, mo sì nífẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ̀yin ṣì láǹfààní kan. Ní tèmi, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi ni. Tiyín, ọwọ́ yín lẹ máa fi ṣí i.

BroKẹ́hìndé:

Mo ka ti Mama, mo ka ti bọ̀dá Ìwó. Mi ò lè sùn náà báyìí.

Mo ṣì dúró lórí ẹ̀ pé kí ẹ má ta gbogbo ẹ̀. Sákéù agbowó orí ní òun á fún àwọn tálákà ní ìdajì ohun ìní òun, Jésù ò ní kò tó, ó ní ìgbàlà ti wọ ilé yìí lónìí. Pulọ́ọ̀tì méjì lẹ pè é. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ta ọ̀kan, ẹ má fún ẹ̀jẹ́ǹtì tó ń pè yín lójoojúmọ́ yẹn o, ẹ lọ bá lọ́yà, ẹ jẹ́ kí sọ̀féyọ̀ tún un wọ̀n, kí ọmọ onílẹ̀ má baà padà wá yọ yín lẹ́nu. Àwọn ọmọ yẹn ò lè dúró títí tí ilẹ̀ á fi tà sá, WAEC kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo lè fi díẹ̀ kún un, kò pọ̀. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

TíṣàAkínyẹlé:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Bọ̀dá Kẹ́hìndé, mo rí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún yín.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé síbí kẹ́yìn. Mo gbé fóònù fún ìyàwó mi kó ka gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan, Mama ló ní kí n jẹ́ kó gbọ́ tiẹ̀. Ó kà á lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, ó dé ibi ọ̀rọ̀ wúrà, ó pa iná. Mo rò pé ó ti sùn. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Kíláàsì wo ni àbíkẹ́yìn yẹn wà?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, mi ò mọ kíláàsì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà.

Òun ló dá a lábàá pé ká kọ́kọ́ ta búlọ́ọ̀kù. Ọ̀rọ̀ pulọ́ọ̀tì ò tíì parí láàrin àwa méjèèjì o, ó ní kí n fún òun ní àyè kóun gbàdúrà sí i, mo sì gbà, torí mo rí i pé kò fi ìbínú sọ ọ́ mọ́. Mo ti lọ bá pásítọ̀ wa náà, mo sọ ibi tí owó ń lọ fún wọn. Inú wọn ò dùn sí i lójú kan náà. Wọ́n gbàdúrà fún mi ṣá.

Ẹni tó ra búlọ́ọ̀kù gbé tírọ́ọ̀kì wá lánàá. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó ń ru kọ́nkéré, wá bá mi kó o sọ́kọ̀, kò sì tíì mọ̀ pé owó ìwé òun la fẹ́ fi ṣe, mo ní mo máa sọ fún un tá a bá ṣe tán. Àwa méjèèjì la kó ẹgbẹ̀rin búlọ́ọ̀kù yẹn pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ onítírọ́ọ̀kì. Ó yá ju èmi lọ fíìfíì, iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára, ọwọ́ ẹ̀ ti le bíi ti àgbàlagbà. Nígbà tó ku díẹ̀ ó dúró, ó nu ojú, ó wo ilẹ̀ náà yíká, ó ní, "Bàbá kékeré, níbo ni pálọ̀ ì bá wà?"

Mo mú un lọ síbẹ̀. Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fún un, láti igi káṣíà títí dé ibi tí fẹ́ǹsì parí sí. Ó tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń kà á.